Ìṣẹ̀rí-Olófin Kí Erékùṣù Èkó Kú Oríire: Freedom Park Pé Ọdún 15

Láti Ìṣẹ̀rí-Olófin ni a ti ń kí yín, ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin ará Pópó Àgùdà, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́tẹ́dó àti Olówógbowó. Ìkíni wa kan ẹ̀yin ayàwòrán-ilé, òṣèré, olórin, onílù, òǹkọ̀wé, agbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ tí ẹ fi ẹsẹ̀ Freedom Park múlẹ̀ láàárín gbùngbùn erékùṣù Èkó. Oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni ọgbà náà ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú, nígbà tí Nàìjíríà ń ṣe àjọ̀dún 50 ọdún òmìnira. Ní 2025, ó pé ọdún 15 gééré. Ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 láti máa dáàbò bo àwọn ilé àti ibi àtijọ́ wa, pé 30 ọdún. Oríire lórí oríire! Ta ló máa gbọ́ irú èyí tí kò ní dìde jó?

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé kí ló kan Ìṣẹ̀rí nínú ayẹyẹ àwọn ará etí ọ̀sà, ìdáhùn wa ò le. Ìyá kì í gbọ́ pé ọmọ òun ń ṣọdún kó jókòó sílé. Àwọn àgbà wa sọ fún wa pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Ògúnfúnminíre, ọdẹ tó tún jẹ́ ọmọ ọba, ti wá. Wọ́n ní àwo tó ń léfòó lórí omi ló tẹ̀ lé, ibi tí àwo náà sì rì sí ló tẹ̀dó sí. Orúkọ Ìṣẹ̀rí ò mọ sí ibì kan ṣoṣo nílẹ̀ Àwórì: Ìṣẹ̀rí-Ọ̀ṣun wà ní Alímọ̀ṣọ́ níbí pẹ̀lú wa, Ìṣẹ̀rí mìíràn sì wà létí odò Ògùn. Baba ńlá kan náà ni gbogbo wa ń ké pè.

Nígbà tí ogun dé, apá kan nínú àwọn èèyàn náà kó ẹrù wọn, wọ́n kọjú sọ́nà òkun. Wọ́n dúró ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, wọ́n sì rékọjá sí erékùṣù Ìddó. Ní Ìddó ni Olófin, olórí wọn, fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ìtàn sọ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti pín ilẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn ni wọ́n di ìjòyè Ìdéjọ, àwọn onífìlà funfun: Àrómirẹ́, Olótó, Ọ̀jọra, Ọ̀níru, Ẹlẹ́gùṣì, Olúmẹ̀gbọ́n, Olúwa àti àwọn yòókù. Àrómirẹ́ ló dá oko ata sórí erékùṣù tó kọjú sí Ìddó. Orí oko ata yẹn ni Ìga Ìdúngànrán, ààfin ọba Èkó, dúró sí títí di òní olónìí. Ìtàn kan tiẹ̀ fi yé wa pé ọmọ Ìṣẹ̀rí ni Àṣípa, ẹni tí ìdílé ọba Èkó ti ara rẹ̀ ṣẹ̀ wá. Ṣé ẹ wá rí i pé ilé ara wa ni à ń kí?

Nítorí náà, ẹ bá wa tọ ọ̀nà tí àwọn baba wa tọ̀, kí ẹ fojú ara yín rí iṣẹ́ tí à ń tìtorí rẹ̀ yọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898. Jaekel House ni wọ́n ń pè é, orúkọ Francis Jaekel, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá rélùwéè láyé àtijọ́, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ilé náà ti ń lọ ráúráú kó tó di pé ẹgbẹ́ Legacy gbà á lọ́wọ́ ikú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n kó àwòrán àti irinṣẹ́ àtijọ́ sínú rẹ̀, ó sì di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún ìtàn ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lónìí lè bá tọkọtaya àfẹ́sọ́nà tí wọ́n ń ya fọ́tò ìgbéyàwó níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin Legacy, ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi ń pariwo tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbọ́, ariwo yẹn ti bímọ. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà, ẹ kú àìṣàárẹ̀!

Láti Ìddó, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901, ẹ bá wa gorí afárá Carter wọ Èkó. Ẹ̀bùté ló sọ erékùṣù yìí di ohun tó dà. Ẹ̀bùté ló gbé ìyà wá: òwò ẹrú tó kó àwọn ọmọ wa lọ, àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gba ìlú náà mọ́ ọba lọ́wọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1861. Ẹ̀bùté yẹn náà ló dá àwọn tó lọ padà fún wa. Àwọn Àgùdà dé láti Brazil àti Cuba, àwọn Sàró dé láti Sierra Leone, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti orin rẹ̀. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tó ti Brazil dé ló fi ilé olódòdó ṣe erékùṣù náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ní òpópónà Kakawa, Ilé Omi ìdílé da Rocha ṣì wà níbẹ̀, ilé tí João Esan da Rocha gbẹ́ kànga sí, tó sì ń ta omi mímu fún ará ìlú kí ẹ̀rọ omi tó dé Èkó.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká fìdí jókòó ní Broad Street, nítorí ibẹ̀ ni olóyè ọjọ́ òní wà.

Ní 1882, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n síbẹ̀. Ògiri amọ̀ ni, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Ará Èkó ò gbà: àwọn tí ìjọba òyìnbó ò tẹ́ lọ́rùn ń sọ iná wọ inú rẹ̀ léraléra. Ní 1885, ìjọba kó bíríkì wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún un kọ́. Àkọsílẹ̀ ìgbà náà fi hàn pé pọ́ùn 16,000 ni wọ́n ná lórí rẹ̀, lọ́dún tó jẹ́ pé pọ́ùn 700 péré ni wọ́n ná lórí ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin òbí tí ẹ̀ ń san owó ilé ìwé, ẹ gbé iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó mọ ohun tí àwọn amúnisìn wá ṣe. Inú ọgbà yẹn ni Herbert Macaulay, àgbà olóṣèlú, sùn sí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti Michael Imoudu, àgbà òṣìṣẹ́, mọ́. Nígbà tí òmìnira ti dé tán, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Anthony Enahoro náà mọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ti tutù tó. Ní 1979, wọ́n wó o palẹ̀. Ibi tí ìtàn odindi orílẹ̀-èdè kan sùn sí wá di ààtàn àti ibùba àwọn ọmọ ìta.

Ẹni tó rí nǹkan mìíràn nínú ààtàn yẹn ni ayàwòrán-ilé Theo Lawson. Ó rí ọgbà níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti rí ilẹ̀ tí wọ́n lè fi kọ́ ilé ìtajà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àlá yẹn kiri fún ọdún púpọ̀, títí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Raji Fáṣọlá fi gbà á wọlé, tí iṣẹ́ náà sì dópin ní 2010. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ìjọba ní ilẹ̀ àti owó, àwọn oníṣẹ́ ọnà ní ojú inú, wọ́n pàdé, ọgbà sì délẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, níbi tí okùn ti ń dá ẹ̀mí légbodò, ibẹ̀ gan-an ni pèpéle ńlá wà báyìí. Ibẹ̀ ni gángan ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ gbé máíkì lọ́wọ́ ti ń wárìrì díẹ̀ kó tó gba ohùn ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n fi ààlà àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n hàn lórí ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé. Wọ inú ọ̀kan, na apá rẹ méjèèjì, ìka rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ààlà lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà, jáde síta, kí o mí èémí gígùn lábẹ́ igi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan á mọ ohun tí òmìnira jẹ́, kódà bí kò bá tíì ṣí ìwé ìtàn kankan. Yàrá àfihàn iṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kongi's Harvest, orúkọ eré tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ, èèyàn tí òun náà mọ ẹ̀wọ̀n dáadáa.

Èyí tó wú wa lórí jù ni pé ọgbà náà ò sùn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i. Ẹgbẹ́ CORA, tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Èkó láti 1999, sọ ọ́ di ilé. Bí oṣù Kọkànlá bá dé, àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn ọmọ ilé ìwé á kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ní 2013, Ade Bantu àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Afropolitan Vibes kalẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n wà ní Broad Street rí sì tipa orin mọ ìtàn. Àwọn tó ń ta oúnjẹ ń rí jẹ níbẹ̀, àwọn tó ń ya àwòrán ń rí tà, àwọn tí ọ̀rọ̀ ayé sú ń wá síbẹ̀ láti jókòó lásán lábẹ́ igi.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a gbé wá láti Ìṣẹ̀rí wà. Ilé tí èèyàn ń gbé kì í tètè wó. A lè kọ ilé kan sínú ìwé òfin, ká kan pátákó mọ́ ọn lára, ká fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bí ẹsẹ̀ èèyàn ò bá tẹ ibẹ̀, àgbàrá àti oníṣòwò ilẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀. Ìlò ni ààbò. Freedom Park pé ọdún 15 nítorí pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí ará Èkó kì í rí ohun tí wọ́n á lọ ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀rí wa pọ̀ lórí erékùṣù yẹn. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins. Mohammed Shitta ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, João Baptista da Costa, àgbà bíríkìlà, ló sì darí iṣẹ́ náà. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Ọba Oyèékàn Kìíní wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam sì ti Liverpool wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú Sultan Abdul Hamid ti Tọ́kì, ẹni tó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ó ti lé ní ọdún 130 báyìí, wọ́n ṣì ń pe ìrun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ògiri rẹ̀ fi dúró. Ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí náà, ẹ kú oríire tiyín pẹ̀lú!

Ẹ dé Oníkan. Láti 1957 ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí Kenneth Murray dá sílẹ̀, ti ń gbàlejò níbẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni Dókítà John Randle ti gbẹ́ adágún ìwẹ̀ fún àwọn ọmọ Èkó ní 1928, kí àwọn ọmọ ìlú tí omi yí ká má baà máa kú sómi nítorí pé wọn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá síbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ John Randle pè é. Ayàwòrán-ilé Ṣeun Odùwọlé ló ya á. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin ará: ilé ńlá kan lórí erékùṣù Èkó tó jẹ́ pé ìtàn tiwa, láti ẹnu wa, ni wọ́n kó sínú rẹ̀! Ẹ ò rí i pé ó yẹ ká gbé orin?

Nínú ayọ̀ yìí, a ò gbàgbé Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinubu Square. Ilé Àgùdà tó ti wà láti 1855 ni, ìjọba sì ti kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbà láti wó o. A dárúkọ rẹ̀ láti fi yẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí tiyín wó sí ni. Ẹni tó bá mọ ohun tó sọnù ló mọ iyì ohun tó ṣẹ́kù. Láti ọjọ́ náà, àwọn tí wọ́n ń béèrè pé ilé wo ló kàn, kí la lè ṣe sí i, pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù ya àwọn ilé àtijọ́, wọ́n ń kó àlejò kiri Pópó Àgùdà, wọ́n ń bi àwọn ìyá àgbà léèrè ẹni tó kọ́lé. Ìyẹn náà jẹ́ oríire.

Ẹ tún jẹ́ kí ojú wa kọjá odi ilé. Erékùṣù Gorée ní Senegal wọ inú ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO ní 1978. Erékùṣù Mozambique wọ ọ́ ní 1991. Robben Island ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti Nelson Mandela mọ́, wọ ọ́ ní 1999. Àwọn náà jẹ́ erékùṣù tó mọ ọkọ̀ ojú omi, tó mọ ẹkún, tó mọ ìṣẹ́gun. Nàìjíríà ti ní Sukur láti 1999 àti igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo láti 2005 nínú ìwé náà. Ìsàlẹ̀ Èkó ní ààfin, ó ní mọ́ṣáláṣí, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ilé Àgùdà, ó ní Èyọ̀ tó ń wọ agbádá funfun gba òpópónà kọjá. A gbà gbọ́ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó tún kọ ìkíni bí irú èyí, tí yóò jẹ́ pé orúkọ Èkó ni wọ́n kà ní gbangba àgbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ààtàn di ọgbà, kí lẹ ò lè ṣe?

Wàyí, ìkíni tí kò ní ẹ̀bùn lọ́wọ́ ò tíì pé. Kí ni Ìṣẹ̀rí máa gbé wá síbi ayẹyẹ yìí? Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ẹ jẹ́ kí ìrìn àjò ẹ̀kọ́ tó kàn fún àwọn ọmọ yín jẹ́ ti Broad Street àti Oníkan. Ọkọ̀ wà láti Ìyànà-Ìpájà sí Oshòdì, láti Oshòdì sí CMS; ẹni tó bá tètè jí á dé kí oòrùn tó mú. Kí àwọn ọmọ náà dé ibẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ sókè pé láti ìlú Olófin ni wọ́n ti wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ní fóònù, ẹ lọ bá àwọn bàbá àti ìyá wa ní àgbàlá, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Oríkì ìdílé, orin ọdún, ibi tí ilé Olórí Ẹbí wà kí títì LASU sí Ìṣẹ̀rí tó dé: gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ẹ̀yin olórí ẹbí tí ẹ ṣì ní ilé alámọ̀ tàbí ojúbọ tí àwọn baba yín fi sílẹ̀, ẹ máa wọ̀ ọ́, ẹ máa ṣe ìpàdé ẹbí níbẹ̀, ẹ máa sọ ọmọ lórúkọ níbẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí Èkó bá ti tọ́jú tirẹ̀ tí ayé fi ń yẹ́ ẹ sí, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n wá bá orísun rẹ̀ láìlẹ́nu.

Ẹ̀yin aṣáájú Freedom Park, ẹ̀yin Legacy, ẹ̀yin ìdílé tí ẹ kọ̀ láti ta ilé baba yín, ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ fa òdòdó sára ògiri, a dúró, a ṣípá fún yín. Ọdún 15 yìí á di 50 lójú wa. Ọgbọ̀n á di ọgọ́rùn-ún. Iná ò ní jó yín níbi iṣẹ́, àgbàrá ò ní gba ẹnu ọ̀nà yín, katakata ò ní yà sí ilé tí ẹ̀ ń ṣọ́. Ọmọ tó kọ́kọ́ kọrin lórí pèpéle yín á mú ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ ọmọ á sì bá a níbẹ̀. Owó tí ẹ nílò á wá, èèyàn tí ẹ nílò á pọ̀, ìjọba tó bá dé á gbọ́ tiyín. Àṣẹ!

Ẹ pèsè àga sílẹ̀ fún wa ní iwájú pèpéle. Ìṣẹ̀rí-Olófin ti ń múra, àwọn onílù wa ti ń fa awọ, a ò sì ní wá lọ́wọ́ òfo.